Báwo ni egbò àdáàjinná (egbò tó pẹ́ lára tí kò jinná) ṣe wọ́pọ̀ tó láàárín àwọn tó wà nílé ìwòsàn?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Àrùn rọpárọsẹ̀ dá bàbá mi dúbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn kan ní Erékùṣù Èkó. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni bí àwọn tí egbò wà lára wọn ṣe pọ̀ tó ní wọ́ọ̀dù náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìsàn mìíràn ló gbé ọ̀pọ̀ wọn débẹ̀. Ṣé bó ṣe rí níbi gbogbo nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì Yábà:
Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o. Olúwa yóò gbé wọn dìde. Kì í ṣe wọ́ọ̀dù yẹn nìkan. Àkójọ ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2019 rí i pé nínú 1,000 ará ìlú, bíi 2 ni egbò àdáàjinná ń bá fínra. Nílé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: àkójọ mìíràn, ti ọdún 2020, fi hàn pé nínú 100 àgbàlagbà tí wọ́n dá dúró sílé ìwòsàn káàkiri àgbáyé, bíi 13 ló ní egbò tí ìdùbúlẹ̀ lójú kan máa ń fà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí awọ ara kò tíì bó, ibẹ̀ gan-an ni ó sì ti kan àwa aláwọ̀ dúdú. Wọ́n kọ́ wa pé kí a wo ibi tó bá pọ́n, tí kò yí àwọ̀ padà nígbà tí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n yẹn lè má hàn rárá, àfi kí a fọwọ́ kàn án, kí a mọ̀ bóyá ó gbóná, ó tutù tàbí ó le ju ibi tó yí i ká lọ. Wọ́ọ̀dù tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìsàn kò ní egbò, títí awọ yóò fi là.

Adìgbò Muṣin:
Òótọ́ ni Nọ́ọ̀sì sọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a gbàgbé egbò ẹsẹ̀, nítorí òun ni mo ń dì lójoojúmọ́. Ìwádìí tí wọ́n kó jọ lọ́dún 2017 fi egbò ẹsẹ̀ sí nǹkan bíi 6 nínú 100 àwọn tó ní àtọ̀gbẹ lágbàáyé, ó sì lé ní 7 nílẹ̀ Áfíríkà. Àtọ̀gbẹ máa ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́, ẹni náà yóò tẹ ìṣó, kò ní mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò sì ní ráàyè dé ibi tó bó. Ọ̀pọ̀ wọn ti gba ọ̀dọ̀ oníkẹ́mísì àti alágbo kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, tí àtàǹpàkò ti dúdú. Èmi gbà pé èyí tó wà nílé pọ̀ ju èyí tí ilé ìwòsàn ń rí lọ.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gidigidi. Níbo ni kí n máa wò lára bàbá?

Nọ́ọ̀sì Yábà:
Ẹ máa wo ìdí wọn, gìgísẹ̀ méjèèjì, ìgúnpá àti ẹ̀yìn orí. Ẹ bá àwọn nọ́ọ̀sì ṣètò bí wọn yóò ṣe máa yí wọn padà. Ní wákàtí méjì-méjì ni ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù ń ṣe é. Kí ìrọ̀rí wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, kí gìgísẹ̀ má baà kan bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹ bá kan ibi tó le tàbí tó gbóná, ẹ má fi òróró ra á, nítorí rírà lè dá kún ìpalára ẹran abẹ́ rẹ̀. Ẹ pe nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́, kí ó kọ ọ́ sínú fáìlì wọn lọ́jọ́ náà gan-an.