Ilé ìdáná tó há: ẹ wọn ohun tó ń ṣí, ẹ má wọn ògiri nìkan

Káfíńtà Agége

Ẹ jẹ́ ká mú ilé ìdáná míní-fúláàtì kan: mítà 2.4 ní gígùn, mítà 1.5 ní ìbú, ilẹ̀kùn kan, fèrèsé kan. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó gé pákó ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó wọn ilé ni. Á wọn ògiri dé ògiri, á rí 150 sẹ̀ǹtímítà, á yọ 60 fún kántà, á ní 90 ṣì kù, ó ti tó. Ṣùgbọ́n ògiri kì í ṣí, ilẹ̀kùn ló ń ṣí. Ilẹ̀kùn ofúùnù nìkan á gba bíi 45 nínú 90 yẹn. 45 tó kù ni ẹni tó fẹ́ fa páànù gbígbóná jáde máa bẹ̀rẹ̀ sí, ìdí á sì ti kan ògiri kí ọwọ́ tó dé inú.

Kí ẹ tó ra pákó kankan, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya kántà àti fíríìjì sórí ilẹ̀ bí wọ́n ṣe máa dúró gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ mú okùn tó gùn tó ìbú ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ ìdí rẹ̀ mọ́ ibi tí híńjì máa wà, ẹ fi orí rẹ̀ ya ibi tí ilẹ̀kùn náà máa gbá kọjá. Ibikíbi tí ìlà méjì bá ti gé ara wọn, ìjà ti wà níbẹ̀.

Ilẹ̀kùn àbáwọlé ni kí ẹ kọ́kọ́ bá jà. Tó bá jẹ́ 75 sẹ̀ǹtímítà tó sì ń ṣí sínú, ó ti gba igun kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa ṣí síta. Híńjì nìkan kọ́ lẹ máa yí o. Etí tí ilẹ̀kùn ń jókòó sí lára férémù gbọ́dọ̀ kọjú sí òdìkejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní pa dé. Tó bá jẹ́ ilẹ̀kùn tí à ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ fẹ́, ògiri tó máa fà sí gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ ní 5 sẹ̀ǹtímítà ó kéré tán. Ẹ wò ó bóyá suwíìṣì iná wà lára ògiri yẹn, nítorí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló máa bọ́ sí.

Ayàwòrán-ilé

Ohun tí Ọ̀gá Káfíńtà sọ yẹn kì í ṣe tuntun. Ní 1926, Margarete Schütte-Lihotzky ya ilé ìdáná kan fún àwọn ilé tí ìjọba ìlú Frankfurt ní Jámánì ń kọ́. Ìbú rẹ̀ kò pé mítà 2, gígùn rẹ̀ jẹ́ bíi mítà 3.44. Ilẹ̀kùn tó ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló fi sí àárín rẹ̀ àti pálọ̀. Ó ka ìrìn ẹni tó ń dáná kó tó ya ohunkóhun. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù àlẹ̀mógiri tí à ń rí lónìí ti gba ìrísí. Àmọ́ ọbẹ̀ àwọn ará Frankfurt ló ń rò. Kò sí ẹni tó ń ro àmàlà nínú ìṣirò rẹ̀, àwọn tó ń da irú yíyà bẹ́ẹ̀ kọ níbí kò sì bi ara wọn léèrè.

Ìyá Alámàlà

Ẹ ṣeun jàre, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Kántà tí wọ́n ń ṣe kiri ga tó 90 sẹ̀ǹtímítà. Ó dára fún kéèyàn gé ẹ̀fọ́. Ẹ wá gbé sítóòfù lé e, 12. Ẹ gbé ìkòkò lé sítóòfù, 25. Ẹnu ìkòkò ti di 127 sẹ̀ǹtímítà, ó ti dé àyà obìnrin tí kò ga. Agbára tí à ń fi ro àmàlà, òkè ló ti ń sọ̀ kalẹ̀, láti èjìká. Tí ìgbọ̀nwọ́ bá ti ga ju èjìká lọ, ọrùn ọwọ́ nìkan lẹ fi ń rò, kókó á kún inú rẹ̀, ẹ̀yìn á sì máa dùn yín.

Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà fi irin ṣe ìdúró kékeré kan tó ga ní 50 sẹ̀ǹtímítà, ẹsẹ̀ mẹ́rin, kí ó ní etí tó yọ sókè yí ká kí sítóòfù má baà yọ̀ nígbà tí ẹ bá ń rò. 50 àti 12 àti 25, 87 nìyẹn: abẹ́ ìgbọ̀nwọ́ ni. Ìparí kántà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni kó wà, kí ó má baà sí lọ́nà. Ìwọ̀nba kántà tó kù á wá jẹ́ ti sìǹkì àti gígé nǹkan.

Nípa odó: tó bá jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ fi ìka kan táìlì kí ẹ tó gbé e kalẹ̀. Èyí tó bá dún bíi pé inú rẹ̀ ṣófo, sìmẹ́ńtì kò kún abẹ́ rẹ̀, á là. Ẹ tẹ́ ẹní ọ̀rá tó nípọn tàbí kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ní ìṣẹ́po mẹ́rin sábẹ́ odó, kó sì súnmọ́ ibi tí òpó tàbí ògiri wà nísàlẹ̀, kì í ṣe àárín yàrá. Báwọn ará ìsàlẹ̀ bá ṣì bínú, èyí kọjá ọ̀rọ̀ káfíńtà.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má fi kọ́bọ́ọ̀dù dí gbogbo abẹ́ kántà. Níbo ni kẹ́ẹ̀gì omi máa dúró? Ẹ fi àyè kan sílẹ̀ láìsí ilẹ̀kùn. Ẹ wọn kẹ́ẹ̀gì yín kí ẹ tó sọ ìbú rẹ̀ fún káfíńtà.

Oníṣẹ́ Gáàsì

Mo rí i pé àwọn kan ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù fún sílíńdà 12.5 kg. Ẹ má ṣe é. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Tó bá ń jò, ilẹ̀ ló ń lọ, á kóra jọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn bí omi inú agbada, títí iná kékeré kan á fi bá a. Fèrèsé òkè kò lè gbé e jáde. Ìta ni sílíńdà ń gbé, lórí ìdúró, nínú àgò irin tí afẹ́fẹ́ ń gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ẹ lu ògiri, ẹ fi páìpù ike kékeré wọ inú ihò náà kí rọ́bà gáàsì má baà máa fara gbo sìmẹ́ńtì. Kí rọ́bà má gùn ju mítà 1.5 lọ, tí ọ̀nà bá jìn ju bẹ́ẹ̀, páìpù kọ́pà ni kí ẹ lò. Ẹ má jẹ́ kí rọ́bà gba ẹ̀yìn ofúùnù kọjá, ooru ibẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Kílíìpù ní ìdí méjèèjì, kì í ṣe wáyà tí wọ́n lọ́ mọ́ ọn. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lára rọ́bà.

Tí kò bá sí bó ṣe lè dé ìta, kí ó dúró lóròó níbi tó ṣí sílẹ̀, jìnnà sí iná, kí ihò afẹ́fẹ́ sì wà nísàlẹ̀ ògiri tó já síta. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi dán an wò nígbàkigbà tí ẹ bá pààrọ̀ sílíńdà. Tí ẹ bá gbóòórùn, ẹ pa orí sílíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ má tan iná mànàmáná, ẹ má sì pa èyí tó wà ní títàn.

Plọ́ńbà

Kúkúrú ni tèmi. Tí sìǹkì bá ń rùn, ẹ wo abẹ́ rẹ̀: bí páìpù bá lọ tààrà láìní ibi tó tẹ̀ bí ìkọ́ tí omi ń dúró sí, òórùn kòtò ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Páìpù tó lọ sí ìta gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ní 2 sẹ̀ǹtímítà nínú mítà kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń gbé sìǹkì lọ sí ògiri kejì nítorí pé ó wù wọ́n kì í ro èyí. Mítà 3 túmọ̀ sí 6 sẹ̀ǹtímítà, tí ilẹ̀ kò bá sì ní àyè fún un, omi á máa dúró sínú páìpù, ọ̀rá á dì mọ́ ọn.

Àyálégbé

Ẹ̀yin ọ̀gá, tí lanlọ́ọ̀dù ò bá gbà ká lu ògiri ńkọ́?

Ará Peckham

Irú wa pọ̀ ní London náà. Àgbékà tó dúró fúnra rẹ̀, tó ní táyà, tí ìbú rẹ̀ kò ju 30 lọ, á wọ ẹ̀gbẹ́ fíríìjì. Pákó tó bo ẹnu sìǹkì á fún yín ní ibi gígé nǹkan tí ẹ kò ní tẹ́lẹ̀.

Àmọ́ wàhálà tó pọ̀ jù níbí ni èéfín ata. Ẹ̀rọ afàéfín tó wà lókè sítóòfù nínú ọ̀pọ̀ fúláàtì kì í já síta. Ó kàn ń sẹ́ ọ̀rá ni, á sì tú ooru àti òórùn padà sínú ilé. Ẹ ṣí ẹnu rẹ̀ wò bóyá páìpù kankan lọ sí ògiri. Ìlànà ilé kíkọ́ ní England fún ilé ìdáná tuntun ni lítà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan tí ẹ̀rọ náà bá wà lókè sítóòfù tó sì já síta, 60 tó bá jẹ́ fáànù níbòmíràn. Ẹ tan án kí epo tó gbóná, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá pa iná. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà wọlé kó tó lè jáde, nítorí náà ẹ má di abẹ́ ilẹ̀kùn.

Aláàmù tó ń gbọ́ èéfín kò yẹ nínú ilé ìdáná, èyí tó ń gbọ́ ooru ló yẹ. Ní Scotland, òfin ti sọ ọ́ di dandan láti Oṣù Kejì 2022. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ lanlọ́ọ̀dù dípò kí ẹ máa fi àpò ọ̀rá bò ó.

Káfíńtà Agége

Kí n fi pákó kún un. Ìdí sìǹkì ni MDF, pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, ti ń kọ́kọ́ bàjẹ́: omi á wọ etí tí wọ́n gé, á wú, híńjì á já. Marine board, pákó tí omi kì í tètè bàjẹ́, 18 milimítà ni kí ẹ lò níbẹ̀, kódà tí ẹ bá fẹ́ fi MDF ṣe ìyókù. Ẹ kun gbogbo etí tí wọ́n gé, pàápàá ihò tí páìpù gbà kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbàgbé. Ẹsẹ̀ ike 10 sẹ̀ǹtímítà sábẹ́ rẹ̀, kí omi ìfọlẹ̀ má baà kàn án. Pákó kan, 244 sí 122, á mú ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà tó ga ní 78 tó sì jìn ní 60 jáde; ẹ fi ka iye tí wọ́n bá sọ fún yín.

Níbi tí kántà méjì ti pàdé ní igun, ẹ fi pákó tóóró 5 sẹ̀ǹtímítà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí dùróà tó ń jáde má baà gbá ọwọ́ ìlẹ̀kùn kejì. Kọ́bọ́ọ̀dù òkè kò gbọ́dọ̀ jìn ju 30 sí 35 lọ, kó fi 50 sẹ̀ǹtímítà jìnnà sí kántà, àti 70 ó kéré tán sí ojú iná. Fíríìjì ńkọ́? 5 sẹ̀ǹtímítà lẹ́gbẹ̀ẹ́, 10 lẹ́yìn, kó má sì dúró ti sítóòfù.