Àfẹ́wú ni mo fara mọ́, kì í ṣe ìhó ọṣẹ

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìjíròrò. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tó yẹ ká fún un nígbà tí owó nǹkan kan, ilé ni o, ilẹ̀ ni o, ṣíà (ìyẹn ìpín nínú ilé-iṣẹ́) ni o, bá ń gòkè láìdúró, tí tọmọdé tàgbà ń sáré rà á, títí tó fi já lulẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká pè é ní ìhó ọṣẹ, nítorí pé “bubble”, ìyẹn ìhó, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Àwọn méjì ní ọ̀wọ́ngógó ti wà nílẹ̀, kí la tún ń wá kiri? Àbúrò kan ní ká kúkú yá ti Gẹ̀ẹ́sì lò, ká pè é ní bọ́bùlù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀wọ́ngógó kúrò lọ́nà. Ẹni tí ọ̀wọ́ngógó bá bá lọ́jà, òṣé ló máa pa. Bí owó ṣe ń lọ sókè ni iye tó máa rà ń dín kù. Èyí tí à ń sọ yìí ò rí bẹ́ẹ̀ rárá: bí owó ṣe ń gòkè ni èrò ń pọ̀ sí i. Ẹni tó rà lánàá ń rẹ́rìn-ín, ẹni tí kò rí rà ló ń pòṣé. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé kí ni nǹkan yìí ń mú wọlé. Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni pé ẹlòmíì ń bọ̀ tó máa rà á lọ́wọ́ àwọn ní iye tó ju èyí lọ. Ọ̀rọ̀ tí kò bá gbé ìdùnnú yẹn dání, kò tíì pe nǹkan náà lórúkọ.

Ìhó ọṣẹ ńkọ́? Nígbà tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń fi “bubble” pe òwò ṣíà ọdún 1720, ìtumọ̀ méjì ló ní lẹ́nu wọn: ìhó tó ń léfòó lórí omi, àti kí wọ́n lu èèyàn ní jìbìtì. Oṣù kìíní ọdún náà, ṣíà ilé-iṣẹ́ South Sea ò ju nǹkan bíi £128 lọ. Láàárín ọdún ó sún mọ́ £1,000. Kí ọdún tó parí, kò tó £200 mọ́. Ìhó ọṣẹ tiwa ò ní jìbìtì kankan nínú, ẹni tó ń fọṣọ ló ni ín, tó bá sì pòórá, kò dun ẹnikẹ́ni. Bí a bá gé e kù sí “ìhó” lásán, omi orí iná ni èèyàn máa rò. Bọ́bùlù ní tiẹ̀, mo mọ̀ pé àwọn ará Japan yá a lò, baburu ni wọ́n ń pè é, àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ ọ lórí rédíò níbí lè rò pé bọ́ǹbù ni, kó sá lọ.

Èyí tó wù mí jù nínú ti àwọn ará òkèèrè ni ti Netherlands. Ní ìgbà òtútù ọdún 1636 sí 1637, wọ́n ń ta àlùbọ́sà òdòdó túlíìpù, ìyẹn ìdí òdòdó náà tí wọ́n ń gbìn, nígbà tó ṣì wà nínú ilẹ̀. Ìwé àdéhùn lásán ló ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n wá ń pe òwò náà ní windhandel, ìyẹn òwò afẹ́fẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 1637, wọ́n pàtẹ ní ìlú Haarlem, wọn ò rí olùrà. Òwò afẹ́fẹ́ dáa létí, àmọ́ kò gba gbogbo rẹ̀ tán. Àwọn ilé tí wọ́n kọ́ ní Amẹ́ríkà ṣáájú 2008, ilé gidi ni wọ́n, wọ́n ní òrùlé. Owó tí wọ́n dá lé wọn ni kì í ṣe gidi.

Ẹ wo ọmọdé tó ń fẹ́ fèrè aláfẹ́fẹ́. Fèrè gidi ni. Bó ṣe ń fẹ́ ẹ ni ara rẹ̀ ń fẹ́lẹ́ sí i, títí tí èèyàn fi ń rí òdìkejì láti inú ẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ló máa ń dùn mọ́ ọmọ náà jù. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mú “àfẹ́bẹ́” jáde, kí n tó rí i pé orúkọ yẹn ti dájọ́ ṣáájú ẹjọ́. Lọ́dún 2013, Eugene Fama àti Robert Shiller jọ gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé. Shiller gbà pé nǹkan yìí wà, Fama ò gbà, ó ní kò sẹ́ni tó lè dá a mọ̀ kó tó bẹ́. Tí orúkọ bá ti ní bíbẹ́ nínú, àwọn méjèèjì ò ní lè fi í jiyàn. Nítorí náà, àfẹ́wú: wọ́n fẹ́ ẹ, ó wú. Bó bá bẹ́, ká ní àfẹ́wú bẹ́. Ẹni tó bá sì ka “fẹ́” sí ìfẹ́ ọkàn, mi ò bá a jà, òun náà ò kúkú parọ́.

Ó wá ku orúkọ ìpayà tó ń tẹ̀ lé bíbẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ yín ń pè ní rògbòdìyàn. Ariwo àti ìjà ni mò ń gbọ́ nínú ìyẹn. Nígbà tí èrò tò síwájú ilé ìfowópamọ́ Knickerbocker ní New York lóṣù kẹwàá ọdún 1907 láti gba owó wọn, ìjà kọ́ ló gbé wọn débẹ̀, ẹ̀rù ni. Ìdágìrì ni mo máa pè é. Àti pé kì í ṣe gbogbo àfẹ́wú ló ń bí ìdágìrì. Nasdaq, òǹkà tí wọ́n fi ń wọn owó ṣíà lọ́jà kan ní Amẹ́ríkà, já láti 5,048 lóṣù kẹta ọdún 2000 sí 1,114 lóṣù kẹwàá ọdún 2002, síbẹ̀ àwọn báńkì ńlá ò wó, torí pé owó ara wọn ni ọ̀pọ̀ fi ra ṣíà. Àwọn tó ra ilé ní Amẹ́ríkà ṣáájú 2008 ní tiwọn, gbèsè ni ọ̀pọ̀ wọn fi rà á, ọwọ́ àwọn báńkì sì ni gbèsè ọ̀hún wà, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi gbọ̀n nígbà tí báńkì ńlá Lehman Brothers kógbá sílé ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2008. Ìdẹnukọlẹ̀ tó wá tẹ̀ lé e, tí iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, ọ̀rọ̀ kẹta nìyẹn, òun ti lórúkọ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju ìdágìrì lọ, kó mú un wá, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kó má ṣe jẹ́ rògbòdìyàn.