Aláwẹ́ mẹ́ta ni kí a pè é

Kí ni kí a máa pe triptych ní Yorùbá, ìyẹn iṣẹ́ àwòrán kan ṣoṣo tí a pín sí mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn? Àwọn kan ní àwòrán alápá mẹ́ta, àwọn kan ní oníṣẹ́po mẹ́ta, ẹnì kan sì ní àwòrán mẹ́talọ́kan. Èmi fara mọ́ aláwẹ́ mẹ́ta.

Àwọn Gíríìkì ló ni ọ̀rọ̀ náà: mẹ́ta ni apá kìíní rẹ̀, ìṣẹ́po ni èkejì. Kó tó kan àwòrán rárá, wàláà ìkọ̀wé ló wà fún. Àwọn ará Róòmù a so pákó mẹ́ta pọ̀, wọn a fi ìda kùn ún, wọn a kọ àdéhùn owó sínú rẹ̀, wọn a pa á dé, àwọn ẹlẹ́rìí a sì fi èdìdì dì í. Lọ́dún 1875, wọ́n hú ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ jáde ní Pompeii, ìlú àwọn ará Róòmù àtijọ́, nínú ilé Caecilius Jucundus tó ń rí sí ọ̀rọ̀ owó gbàǹjo. Ìyẹn ni pé ohun tó ṣeé ṣí, tó ṣeé pa dé ni, kó tó dé orí pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ ayàwòrán Hieronymus Bosch tí wọ́n ń pè ní The Garden of Earthly Delights, tó wà ní Prado, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní Madrid, ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀: bí wọ́n bá ṣí i, Édẹ́nì wà lápá òsì, ọ̀run àpáàdì wà lápá ọ̀tún, gbogbo rẹ̀ kún fún àwọ̀, bí wọ́n bá pa á dé, ayé tí Ọlọ́run ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá la ó rí, tí a kùn ní àwọ̀ eérú.

Bí ti Bosch nìkan bá ni, oníṣẹ́po ì bá tó. Ṣùgbọ́n férémù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ayàwòrán Francis Bacon fi àwòrán mẹ́ta tó ya Lucian Freud, ayàwòrán ẹgbẹ́ rẹ̀, lọ́dún 1969 sí. Kò sí ohun tí a ó ṣẹ́ po níbẹ̀, triptych náà sì ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi tú ká kí wọ́n tó tún kó wọn jọ, wọ́n sì tà wọ́n pa pọ̀ ní New York lọ́dún 2013 ní iye tó lé ní mílíọ̀nù 142 dọ́là.

Alápá mẹ́ta fẹ̀ jù. Ìwé ìtàn náà lè ní apá mẹ́ta. Ti Mẹ́talọ́kan, Ọlọ́run ni kí a fi í sílẹ̀ fún.

Ẹ wá wo awẹ́. Bí a bá la obì aláwẹ́ mẹ́ta, awẹ́ kọ̀ọ̀kan á dá wà, ṣùgbọ́n ojú ibi tó ti fara kan èkejì kò ní pa rẹ́ lára rẹ̀. Ohun tó ya triptych sọ́tọ̀ sí àwòrán mẹ́ta lásán gan-an nìyẹn. Ayàwòrán Ben Enwonwu ya Tutu, àwòrán ọmọ ọba Ifẹ̀ kan, lẹ́ẹ̀mẹta láàárín 1973 sí 1974, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì pé fúnra rẹ̀. Àwọn yẹn kì í ṣe awẹ́.

Ẹnì kan á ní ọ̀rọ̀ obì ti sún mọ́ ìbọ jù fún àwòrán pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì. N kò gbà. Àwọn onímọ̀ gírámà ti mú un lò tipẹ́, awẹ́ gbólóhùn làwọn ọmọ ilé-ìwé ń kọ́, kò sì sẹ́ni tó ń ronú ìbọ níbẹ̀. Ó tún ṣeé nà síwájú: aláwẹ́ méjì fún diptych, aláwẹ́ púpọ̀ fún irú àwòrán pẹpẹ tí ayàwòrán Jan van Eyck parí ní 1432, tó wà ní ìlú Ghent ní Belgium. Ẹni tó bá rí ibi tí kò ti bá a mu, kó fi àpẹẹrẹ hàn wá.