Báwo ni mo ṣe lè fi ìyẹ̀fun ẹja ṣe búrẹ́dì láìjẹ́ kí ó máa rùn?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ búrẹ́dì dáadáa, ìrànlọ́wọ́ yín ni mo ń wá. Mo ń fi ẹja gbígbẹ tí mo lọ̀ kúnná kún búrẹ́dì, nítorí pé lysine, ọ̀kan lára àwọn èròjà inú purotéènì tí ara kò lè dá ṣe fúnra rẹ̀, kò pọ̀ nínú ìyẹ̀fun àlìkámà, ó sì pọ̀ nínú ẹja. Nígbà tí mo fi ẹja gíráàmù 5 rọ́pò ìyẹ̀fun nínú gíráàmù 100, ó ṣeé jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ọ́ di 10, kò wú dáadáa mọ́, inú rẹ̀ ki, ẹ̀yìn rẹ̀ sì yára pọ́n jù. Ẹja kò ní gluten, ìyẹn purotéènì inú àlìkámà tó ń jẹ́ kí búrẹ́dì wú, nítorí náà àìwú rẹ̀ kò yà mí lẹ́nu. Òórùn rẹ̀ gan-an ni ìṣòro mi, nítorí ńṣe ni ó ń le sí i bí ilẹ̀ bá ti mọ́. Ṣé ọ̀rá inú ẹja náà ni ó ń bàjẹ́? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé kí n máa bọ ẹja náà, kí n fún un gbẹ kí n tó sá a ni, àbí kí n kúkú gbájú mọ́ bisikíìtì tí kò nílò wíwú púpọ̀?