MGB mi: iná iwájú ń ṣe bàìbàì, tráfíkétọ̀ ń fa iná ẹ̀yìn, LED ò tàn rárá

Dèjì Kent
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ mọ́tò yìí ti sú mi. MGB ni, mọ́tò eré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, aláwọ̀ ewé, táyà onísípóòkù, ìjókòó aláwọ dúdú, kò sí ẹni tó rí i tí kì í yà á ní fọ́tò. Riwáyà tó wà ládùúgbò mi gbowó tán, ó ní bí wáyà Lucas, ilé iṣẹ́ tó ṣe nǹkan iná rẹ̀, ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ó kó kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lé mi lọ́wọ́. Tí mo bá dúró níbi iná ojú pópó, iná iwájú á máa ṣe bàìbàì bí àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, á mọ́lẹ̀ padà. Tí mo bá tan tráfíkétọ̀ ọ̀tún, iná pupa ẹ̀yìn náà á máa ṣẹ́jú. Mo wá ra LED, mo fi pààrọ̀ gbogbo gílóòbù. Ẹyọ kan ò tàn! Ayédèrú ni wọ́n tà fún mi, wọn ò sì fẹ́ dá owó padà. Ṣájà fóònù tí mo kì bọ ihò sìgá náà jóná lójú ẹsẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n tà á. Ẹ gbà mí.

Riwáyà Àgbà
Àbúrò, o ròyìn àwọ̀ ìjókòó, o ò sọ ọdún. 1962 sí 1980 ni wọ́n fi ṣe MGB ní Abingdon, ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ò sì dọ́gba. Èwo ló ń pèsè iná fún un, dínámò ni àbí alternator?
Èyí tó ń ṣẹ́jú lẹ́yìn, ẹ́ẹ̀tì ni, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì. Gílóòbù 380 ló wà níbẹ̀, okùn méjì ló wà nínú ẹ̀: 21 wáàtì fún búrèkì, 5 wáàtì fún iná alẹ́. Tráfíkétọ̀ ní 382 tirẹ̀, 21 wáàtì, ṣùgbọ́n inú ilé iná kan náà ni wọ́n wà, wọ́n sì jọ ń gba bọ́dì padà sí bátìrì. Tí ìpẹtà bá dí ojú ọ̀nà yẹn, iná á gba inú gílóòbù kejì kọjá.

Táyọ̀ Leeds
Rílè méjì, súwíìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń tẹ̀, ló máa tán an. Súwíìṣì dáṣíbọ́ọ̀dù ló ń gbé gbogbo iná iwájú, fíúsì ò sì sí lórí ẹ̀. Rílè 30 ámpù, fíúsì 15 ámpù, ó parí.

Auntí Bísí Wáyà
Táyọ̀, rílè ò tún ẹ́ẹ̀tì ṣe. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ná. Dèjì, tan iná, fi ẹsẹ̀ mítà kan kan ara irin gílóòbù, kí ìkejì wà lórí òpó bátìrì tó so mọ́ bọ́dì. Tó bá ju 0.2 fóòtì lọ, tú wáyà dúdú tó wà nínú búùtù, fi sánpépà ha ìdí ẹ̀ títí irin á fi funfun, dè é padà, fi Vaseline ra á. Ṣe bẹ́ẹ̀ fáwọn ẹnu wáyà roboto tó ń wọnú rọ́bà náà. Ìpẹtà máa ń sá pa mọ́ síbẹ̀.

Dèjì Kent
Mo ti nu wáyà dúdú, ẹ ṣé. Mi ò fẹ́ rílè o, mo fẹ́ kó wà bó ṣe jáde ní ilé iṣẹ́.

Táyọ̀ Leeds
Bó ṣe jáde ní ilé iṣẹ́, o wá kó LED sí i?

Auntí Bísí Wáyà
Nínù kọ́ ni mo sọ, híha ni. O ò sì tíì dá ẹ̀gbọ́n lóhùn.
LED ò tàn, ṣájà jóná. Àwọn méjèèjì ò gbọdọ̀ gba iná sódì. Ṣí pátákó ẹ̀yìn ìjókòó, wo bátìrì. Òpó wo ló so mọ́ bọ́dì?

Dèjì Kent
Bátìrì 6 fóòtì méjì ni. Pọ́sítíìfù ló so mọ́ bọ́dì, bí mo ṣe rà á nìyẹn. 1965 ló wà nínú ìwé ẹ̀, dínámò ni. Mi ò rí ohun tó kan iná nínú ìyẹn.

Riwáyà Àgbà
Òun ló kan iná! Pọ́sítíìfù ẹ́ẹ̀tì ni gbogbo MGB títí di 1967. LED ẹ kì í ṣe ayédèrú, òdì ni iná ń gbà wọnú ẹ̀. Bátìrì wà ní déédéé, má yí i. Dá 380 àti 382 padà síbẹ̀. Flasher àtijọ́ yẹn, ohun tó ń mú tráfíkétọ̀ ṣẹ́jú, ooru iná tí gílóòbù 42 wáàtì ń fà ló fi ń ṣiṣẹ́. LED oníwáàtì méjì ò lè mú un gbóná. Tó o bá ṣì ń wá LED, béèrè èyí tí wọ́n ṣe fún pọ́sítíìfù ẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú flasher eléktróníìkì tó bá a mu.
Ti bàìbàì, dínámò C40 ò lè ju 22 ámpù lọ, tí ẹ́ńjìnnì bá sì ń rọra yí, kò fi bẹ́ẹ̀ mú nǹkan wá. Bátìrì ló ń bọ́ iná nígbà yẹn. Tẹ̀ ẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí dé 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, wọn bátìrì: ó yẹ kó kọjá 13.5 fóòtì. Tó bá kọjá, kò sí àìsàn níbẹ̀.

Táyọ̀ Leeds
Kó yí i sí nẹ́gétíìfù, kí wàhálà tán.

Auntí Bísí Wáyà
Sọ gbogbo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ fún un. Òpó pọ́sítíìfù nípọn ju ìkejì, orí okùn bátìrì á yí padà. Wáyà méjèèjì orí kọ́ìlì, tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná, á pààrọ̀ àyè. Wọ́n á tú wáyà ẹnu tí wọ́n kọ F sí lára dínámò, wọ́n á fi wáyà láti òpó bátìrì tí kò so mọ́ bọ́dì kàn án fìrí, kó lè gba ojú tuntun. Tí wọn ò bá ṣe é, dínámò á máa ti iná sódì. Aago tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì, tó bá jẹ́ oníná, wọ́n á tú inú ẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí LED?

Dèjì Kent
Mo gbọ́. Rédíò tuntun kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ fi sí i lọ́la, oníBluetooth. Ìyẹn ò lè ní wàhálà ṣá?

Auntí Bísí Wáyà
Má dán an wò! Nẹ́gétíìfù ni páálí irin rédíò yẹn àti ìdí ẹ́ríà rẹ̀. Bí o bá ti dè é mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tó jẹ́ pọ́sítíìfù, wáyà á gbóná kí fíúsì tó já, bí fíúsì bá tilẹ̀ wà níbẹ̀. Gbé e sílẹ̀ nínú páálí ẹ̀. Wá fi nọ́ńbà tí mítà kà lẹ́yìn ọ̀tún síbí.