Àmúlò-ọ̀tun ni mo fara mọ́, kì í ṣe ìhùmọ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì "measuring public sector innovation" là ń wá Yorùbá fún nínú àtòjọ ọ̀rọ̀ wa. Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa láti Òmù-Àrán kọ lórí "innovation", pé kí á máa pe ohun tuntun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá gbé dé ẹnu iṣẹ́ ní "ìhùmọ̀". Mo sì ka èsì Àáfà wa ní Ọ̀fà, tó ní "àtinúdá" ló bá a mu jù. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń ta kò yín. Orí ẹni tó ronú ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ń tọ́ka sí, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń ṣe ìwádìí nǹkan yìí kì í yẹ orí ẹnikẹ́ni wò. Bóyá nǹkan náà ti wọ iṣẹ́ ni wọ́n ń wò.

Ìwé atọ́nà wọn ni Oslo Manual, tí OECD, àjọ ọrọ̀ ajé tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè pawọ́ pọ̀ dá sílẹ̀, kọ́kọ́ gbé jáde ní 1992. Ẹ̀dà kẹrin, tí àwọn àti Eurostat, iléeṣẹ́ ìṣirò Ìṣọ̀kan Yúróòpù, jọ ṣe ní 2018, là á mọ́lẹ̀: nǹkan náà gbọ́dọ̀ yàtọ̀ gedegbe sí èyí tí ibi iṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ ń lò tẹ́lẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ti wọ ìlò tàbí kí ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó máa lò ó. Kò ní dandan ni kí ó jẹ́ ohun tí ayé kò rí rí.

Ilé ìwòsàn kan wà nígboro Ìlọrin níbí. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá mú káàdì wá á jókòó títí, akọ̀wé á máa tú fáìlì láti orí pẹpẹ dé ilẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé náà wá ra téèpù aláwọ̀, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí fáìlì: pupa fún ọdún kan, àwọ̀ ewé fún òmíràn. Ní báyìí, bó ṣe wo ọdún tó wà lára káàdì ló ti mọ ibi tí yóò nawọ́ sí. Àáfà wa lè ní kì í ṣe àtinúdá, torí ibòmíràn ti ń ṣe é tipẹ́. Àmọ́ tuntun ni níbẹ̀, wọ́n sì ń lò ó, nítorí náà ó wọ inú kíkà. Ká ní ńṣe ló kọ àbá yẹn sínú ìwé, tí ọ̀gá rẹ̀ tì í sínú dúrọ́ọ̀, ìhùmọ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní wọ inú kíkà.

Ní 2015, Dẹ́ńmáàkì bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ibi iṣẹ́ ìjọba rẹ̀ léèrè irú nǹkan báyìí, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn wà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n kà ló jẹ́ èyí tí wọ́n wò lára ẹlòmíràn.

Ìdí tí mo fi dábàá "àmúlò-ọ̀tun" nìyí. Àmúlò ló ṣáájú, ipò rẹ̀ sì nìyẹn. Ní ti "ìsọdọ̀tun" tí àwọn kan mẹ́nu bà, ilé tó ti ń ya là ń sọ dọ̀tun. Ohun àtijọ́ náà ṣì ni.

"Wíwọ̀n" tí a fẹ́ fi pe "measuring" wá ńkọ́? Níbí ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ rárá. Nígbà tí ètò adójútòfò ìlera Hygeia wọ agbègbè Afọ́n, àwọn olùwádìí wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ tí tiwọn ga ní 2009, wọ́n tún padà wọ̀n ọ́n ní 2011, wọ́n sì fi wé ti Àjàṣẹ́-Ìpo, níbi tí ètò náà kò dé. Ó lọ sílẹ̀ níbi méjèèjì, ṣùgbọ́n ti apá Afọ́n fi nǹkan bíi 5 mmHg (òǹkà orí ẹ̀rọ ìfúnpá) lọ sílẹ̀ ju ti Àjàṣẹ́ lọ. Wíwọ̀n gan-an nìyẹn. Ti Dẹ́ńmáàkì, ìbéèrè ni: kí lẹ gbé dé, ibo lẹ ti rí i, kí ló yí padà? Kíkà nìyẹn. Iléeṣẹ́ kan lè ní àmúlò-ọ̀tun rẹpẹtẹ kí ara aráàlú má tù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí á ya "kíkà" sọ́tọ̀ fún ohun tí wọ́n gbé dé, kí "wíwọ̀n" sì dúró fún ohun tó ti ibẹ̀ jáde.

Ó ku "iṣẹ́ ìjọba" fún "public sector". Iléeṣẹ́ aládàáni ni Hygeia, owó ìjọba Nẹ́dálándì àti ti Kwara sì wà nínú ètò náà nígbà náà, nítorí náà "iṣẹ́ ìjọba" kò lè gbà á. "Iṣẹ́ aráàlú" tí ìyá wa ní Orò mú wá ni mo fọwọ́ sí. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó tètè fi ránṣẹ́ kí á tó tẹ àtòjọ ọ̀rọ̀ wa.