Lẹ́tà ń wọlé lemọ́lemọ́ ní Jámánì: èwo ni kí n dáhùn, èwo ni kí n sọ nù?

Àlejò_Leipzig:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti pẹ́ ní Jámánì. Leipzig ni mo wà, ilé ìwé ló gbé mi wá. Yàrá kan ni mo gbà nínú ilé tí àwa mẹ́ta jọ ń gbé. Mo ti ṣe Anmeldung, ìyẹn ni pé mo ti fi orúkọ àti àdírẹ́sì mi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìlú, nọ́ńbà owó orí mi ti dé, mo ti ní àkáǹtì ní báńkì. Mo ní wàhálà ti tán nìyẹn. Àfi bí lẹ́tà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé bí ẹni pé èmi ni gómìnà!

Èyí tó dé kẹ́yìn ní kí n máa san yúrò 18.36 lóṣooṣù, owó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. N kò ní tẹlifíṣọ̀n o. Rédíò gan-an, n kò ní. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n jù ú nù, pé tó bá yá, á sú wọn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìkejì: ìyá tó ń gbé nísàlẹ̀ wa lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn wa ní Sọ́ńdè. Ó kọ Ruhezeit, ìyẹn àkókò ìdákẹ́jẹ́ẹ́, gàdàgbà gadagba, ó tún fa ìlà sí i nídìí. Ìṣó ni mo ń kàn mọ́ ògiri o, kò sì pẹ́ tí mo fi parí. Ṣé ó kórìíra mi ni?

Ìyá_Ìbejì:
Àbúrò mi, kú àtìpó. Ọ̀rẹ́ rẹ yẹn fẹ́ kó ọ sí gbèsè. Owó yẹn kò ní í ṣe pẹ̀lú pé èèyàn ní tẹlifíṣọ̀n tàbí kò ní. Láti 2013, ilé ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ẹ̀rọ, wọn kì í sì í ka orí. Ilé kan, owó kan. Nítorí náà, bi àwọn méjì tẹ́ ẹ jọ ń gbé: ta ló ń san án nínú wọn? Gba Beitragsnummer onítọ̀hún, ìyẹn nọ́ńbà tó fi ń san owó náà, kọ ọ́ sínú èsì, fi ránṣẹ́. Kó o wá máa fún un ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí kò bá sẹ́ni tó ń san án, ẹ yan ẹnì kan. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dákẹ́, kò ní sú wọn. Wọ́n á kà á láti oṣù tẹ́ ẹ wọlé, wọ́n á sì fi owó ìjìyà lé e.

Lẹ́tà tó yẹ kó o bẹ̀rù ni èyí tó wà nínú àpòòwé aláwọ̀ yẹ́lò. Wo ara àpòòwé náà dáadáa: ẹni tó gbé e wá á ti fi bírò kọ déètì sí i. Ọjọ́ yẹn ni òfin gbà pé ó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, ì báà jẹ́ pé o kò sí nílé, tó jẹ́ inú àpótí lẹ́tà ló jù ú sí. Bó bá jẹ́ ìwé owó ìtanràn, tàbí tí ilé ẹjọ́ kọ̀wé pé ẹnì kan ní o jẹ òun ní gbèsè, ọ̀sẹ̀ méjì péré lo ní láti sọ pé o kò gbà. Lẹ́yìn ìyẹn, ohùn rẹ ò fi bẹ́ẹ̀ ta létí wọn mọ́. Tọ́jú àpòòwé náà mọ́ lẹ́tà inú rẹ̀.

Orúkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó wà lára àpótí lẹ́tà? Nọ́ńbà yàrá kì í sábà sí nínú àdírẹ́sì níbí, orúkọ ni ẹni tó ń pín lẹ́tà ń wò. Kọ ọ́ bó ṣe wà nínú páṣípọ́ọ̀tù rẹ. Má gé e kúrú nítorí pé orúkọ wa gùn.

Kó o sì ra Ordner, fáìlì ńlá tó ní irin méjì nínú yẹn. Tèmi tò lórí kọ́bọ́ọ̀dù: ti ilé, ti ìlera, ti owó orí, ti àwọn ọmọ. Ọkọ mi máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, àfìgbà tí onílé wa àtijọ́ ní a kò dá kọ́kọ́rọ́ yàrá abẹ́ ilẹ̀ padà, tí mo fa ìwé tó fọwọ́ sí jáde. Wẹ́lo ló dákẹ́.

Awakọ̀_Köln:
Ìyá Ìbejì ti sọ ti lẹ́tà tán. Ti ìyá ìsàlẹ̀: kò kórìíra rẹ. Sọ́ńdè lo kan ìṣó! Ọjọ́ ìsinmi ni níbí, òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Kódà ìgò, bó o bá lọ ń jù ú sínú àpótí ńlá tí wọ́n ń kó ìgò sí ní Sọ́ńdè, ẹnì kan á bá ọ wí. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀ náà, kí ilé pa rọ́rọ́. Ìwé tó lẹ̀ yẹn, ó ṣe é jẹ́jẹ́ ni. Ẹlòmíì ì bá pe onílé. Lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, sọ orúkọ rẹ fún un, kó mojú rẹ. Ìyá àgbà tó kọ irú ìwé yẹn sí mi nígbà kan ló ń bá mi gba ẹrù tí mo bá rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí.

Kò_Sí_Sùúrù:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ ti kó jìnnìjìnnì bá ọmọ ọlọ́mọ. Àdáwà ló ń da àlejò láàmú jù níbí. Kó wá ibi tí wọ́n á ti mọ orúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Verein pọ̀ lọ jàra: ti bọ́ọ̀lù, ti orin, kódà ti àwọn tó ń sin adìẹ wà. Tẹ́nìsì orí tábìlì lèmi bá wọn ṣe. Ó pẹ́ kí wọ́n tó bá mi sọ ju hallo lọ. Ìgbà tí mo dúró bá wọn ká tábìlì tán lálẹ́ ni ẹnu wọn tó là. Àwọn gan-an ló ń bá mi ka lẹ́tà tó bá rú mi lójú báyìí.

Àlejò_Leipzig:
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo bi wọ́n, ẹni tó wà ní yàrá iwájú ló ń san án. Mo ti fi nọ́ńbà rẹ̀ kún fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Yúrò 6.12 ló ní kí n máa mú wá lóṣù. Ṣé ó tán nìyẹn, ma?

Ìyá_Ìbejì:
Ó kù díẹ̀. Èsì tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, fi sínú fáìlì. Bí ẹni tó ń san án bá kó jáde, ẹ̀yin tó kù gbọ́dọ̀ fi orúkọ ẹlòmíì sílẹ̀. Bí ìwọ náà bá sì kó lọ sílé mìíì, ọ̀sẹ̀ méjì lo ní láti lọ fi àdírẹ́sì tuntun hàn ní ọ́fíìsì ìlú. Gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ onílé tuntun kó o tó lọ, torí wọ́n á béèrè rẹ̀.